Ìkúnwọ́ Mẹ́ta Tí Bàbá Èló-ni Kò Kọ Sílẹ̀

Bí ẹ bá dé Ọjà'ba ní Ìbàdàn lónìí tí ẹ ń béèrè Yésúfù Àkàngbé, wọn yóò wò yín bí ẹni tó ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ Bàbá Èló-ni wò, kíá ni wọn yóò nawọ́ sí ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Òsì fún yín, wọn á sì tún rẹ́rìn-ín lé e. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n gbáko ni ọkùnrin yìí fi wọ ọjà náà ní gbogbo àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, tó ń ti ìdí àtẹ kan bọ́ sí ìdí òmíràn. "Èló ni gààrí? Èló ni ẹ̀wà? Èló ni àgbàdo?" Wọ́n á dá a lóhùn, á kọ ọ́ sílẹ̀, á ní ẹ ṣé, ó di ìdí àtẹ mìíràn. Kò ní ra hóró àgbàdo kan. Ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́: bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ni àtẹ, ṣé ẹ ò ní fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórúkọ?

Iṣẹ́ ló ń ṣe o. Ọ́fíìsì ìjọba kan lápá Agodi, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí wọn ò fún mi ní kọ́bọ̀, ló gbà á nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n pé kó máa kó iye owó oúnjẹ oko jọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní ó yẹ kí ìlú mọ ìgbà tí oúnjẹ wọ́n àti ìgbà tó pọ̀, kí wọ́n lè mọ ohun tó ń kan àgbẹ̀ àti ohun tó ń kan ẹni tó ń jẹun. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún un kò le rárá: orúkọ oúnjẹ lápá òsì, iye kọ́ńgò kan lápá ọ̀tún, ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́ nísàlẹ̀. Yésúfù gba iṣẹ́ náà tọkàntọkàn. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, ẹni tí kì í fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ láìwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ náà sì gbà pé bí a ṣe ń wọn aṣọ náà ló yẹ ká máa wọn ọjà.

Ọdún kejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni Àtọ́kẹ́ onígààrí là á lójú. Obìnrin náà fi ọdún mẹ́tàlá jù ú lọ, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, kò sì sí onígààrí kan ní Ọjà'ba nígbà náà tí kì í wo ojú rẹ̀ kó tó dá iye lé ọjà. Lọ́jọ́ kan, Yésúfù ti kọ tirẹ̀ tán, ó ti ń lọ, ni obìnrin yìí bá pè é padà.

"Yésúfù, kí lo kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Ọgọ́rin kọ́bọ̀, Ìyá."

"Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ńkọ́?"

"Ọgọ́rin kọ́bọ̀ náà ni."

"Irọ́ gbuu! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kọ́ńgò tí mo wọ̀n ṣu bí òkè Mápó, mo sì bu èènì ìkúnwọ́ mẹ́ta lé e. Lónìí, ìkúnwọ́ kan ni mò ń bù. Ṣé ọjà kan náà nìyẹn lójú ẹ? Ìwọ ń béèrè owó, o ò béèrè èènì. Ìwé wo wá lo kà?"

Ojú ti Yésúfù débi pé kò lè gbé bírò rẹ̀ sápò. Ó débẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, ó lóṣòó ti àtẹ, ó bẹ obìnrin náà pé kó kọ́ òun. Àtọ́kẹ́ kọ́ ọ. Ó ní bí ọjà bá ti ń wọ́n bọ̀ láti oko, onígààrí tó bá gbọ́n kì í sáré fowó lé e. Èènì ni yóò kọ́kọ́ dín, láti mẹ́ta sí méjì, sí ẹyọ kan, títí yóò fi tán. Lẹ́yìn náà ni yóò fi àtẹ́lẹwọ́ gbá òkìtì orí kọ́ńgò kúrò, tí ojú rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìgbà tí èyí kò bá tún tó mọ́ ni owó á gòkè. "Nítorí owó tó bá ti gòkè," ni Àtọ́kẹ́ wí, "kì í fẹ́ sọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n èènì a máa lọ, a sì máa bọ̀."

Yésúfù gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní, "Èènì kì í ṣe owó, Yésúfù. Ohun tó wà lórí fọ́ọ̀mù ni kó o kọ." Ó kúkú kọ ohun tó wà lórí fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n ó fi owó ara rẹ̀ ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré, láti ọjọ́ náà lọ ni kò sì ti fi ìdí àtẹ kankan sílẹ̀ mọ́ àfi tó bá ti dúró wo bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n fún oníbàárà mẹ́ta. Á kọ iye, á fa igi kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, igi kan fún ìkúnwọ́ kan, á wá fi "òkìtì" tàbí "pẹrẹsẹ" tì í. Níbi tí èènì bá ti tán, òdo ló máa ń kọ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti kún àpótí irin kan fọ́fọ́. Muslimat ìyàwó rẹ̀ ti sọ ọ́ títí pé òun á kó wọn fún oníkúlíkúlí, kí ó rí nǹkan fi pọ́n ọjà rẹ̀. Yésúfù ní ọjọ́ tó bá kó wọn ni òun yóò kó lọ sílé ìyá òun. Ìyá rẹ̀ ti kú láti ọdún gbọọrọ, Muslimat sì mọ̀ pé ó kàn ń fi òun ṣeré ni.

Ó ti ń lọ sí ọdún kẹtàdínlógún tó ti fẹ̀yìn tì, ó ti lé láàádọ́rin, nígbà tí Dókítà Jemima Ọlábọ̀wálé wá a wá. Ọmọbìnrin yìí kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ni, ọmọ tíṣà, ọmọ-ọmọ pásítọ̀, tó ń ṣèwádìí bí owó oúnjẹ oko ṣe rìn ní Ìbàdàn láti ogójì ọdún ó lé. Àwọn fọ́ọ̀mù àtijọ́ ni ó ń kà, ibẹ̀ ló sì ti rí orúkọ Yésúfù Àkàngbé nísàlẹ̀ ìwé tí kò lóǹkà. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá, ó kí ìyá, wọ́n fún un lómi, ó mu ún. Ó wá ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé orí ẹsẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sóhun tí mo fẹ́ sọ."

"Dókítà, ẹ máa wí. Àgbà kì í bínú ọ̀rọ̀ tí kò tíì gbọ́."

Ó fi ìlà tó ń tọ́ka bí owó gààrí ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ hàn án lójú kọ̀ǹpútà. Ọdún karùn-ún tí Yésúfù wọṣẹ́ ni, ọdún tí òjò dá, tí iná jó oko ẹ̀gẹ́. Ní gbogbo ọjà yòókù nílùú, owó gààrí ń gòkè, láti náírà kan àbọ̀ títí ó fi kọjá náírà méjì. Ní Ọjà'ba nìkan, náírà kan àbọ̀, náírà kan àbọ̀, náírà kan àbọ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ni ìlà náà fi sùn gbalaja.

"Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ẹni tó kọ èyí kò dé ọjà, ilé ló jókòó sí tó ń dà á kọ. Wọ́n ní tó bá lè purọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá, kí ló dé tí a ó fi gba ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n gbọ́? Wọ́n fẹ́ ká yọ ti Ọjà'ba kúrò pátápátá. Èmi ni mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá bi yín."

Háà! Ọ̀rọ̀ náà dun Yésúfù wọ eegun. Kò kọ́lé sí Bódìjà, kò ra mọ́tò. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ń tán kó tó dé ilé. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń fi tu ara rẹ̀ nínú bó bá kírun òwúrọ̀ tán ni pé òun ṣe iṣẹ́ òun lóòótọ́, níwájú Ọlọ́run àti níwájú ọlọ́jà. Wọ́n wá fẹ́ fi ìlà ojú kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di òpùrọ́ lọ́jọ́ alẹ́. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó wọ́ àpótí irin náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Eku ti jẹ etí ìwé ọdún náà díẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ mọ́ kedere. Ó ṣí i síwájú Jemima. Ọ̀sẹ̀ kìíní: náírà kan àbọ̀, igi mẹ́ta, òkìtì. Ọ̀sẹ̀ kẹrin: náírà kan àbọ̀, igi kan, òkìtì. Ọ̀sẹ̀ keje: náírà kan àbọ̀, òdo, òkìtì. Láti ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án lọ: náírà kan àbọ̀, òdo, pẹrẹsẹ. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún un bí Àtọ́kẹ́ ti ṣàlàyé rẹ̀ fún òun. Jemima ṣí ìwé náà síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

"Ọ̀dọ̀ mi kọ́ ni irọ́ wà," ni Yésúfù wí. "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a."

"Bàbá, mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè kó igi sínú ìṣirò. Báwo ni ìkúnwọ́ kan ṣe wúwo tó? Bí mi ò bá mọ ìyẹn, wọ́n á ní ìtàn lẹ pa fún mi."

"Ọwọ́ Àlhájà Àtọ́kẹ́ ni ìkúnwọ́ náà."

"Ṣé wọ́n ṣì wà láyé?"

"Alhamdulilahi, wọ́n wà ní Bẹyẹrunka. Ẹnu wọn náà wà níbẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Jemima gbé òṣùwọ̀n kékeré kan dání, ó fi mọ́tò rẹ̀ gbé wọn. Muslimat ní òun náà ń bọ̀, òun ò tíì fojú kan Àlhájà láti Iléyá. Wọ́n bá Àlhájà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún dáadáa, ike gààrí ńlá wà níwájú rẹ̀, kọ́ńgò àtijọ́ tó ti wọ́ wà lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ní kó má tajà mọ́. Ó ní kò burú, kí wọ́n gbé gààrí náà, kí wọ́n sì bá òun wá pósí, nítorí òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán. Wọ́n fi í sílẹ̀.

"Bàbá Èló-ni!" ó kígbe láti ọ̀ọ́kán. "Ṣé o tún dé láti wá bi mí ní èló ni? O ti ń bi mí láti ìgbà tí eyín mi fi pé, mo sì ti ń ka ìyókù báyìí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jókòó. Yésúfù ro gbogbo rẹ̀ fún un. Bó ṣe ń rò ó ni ojú ìyá náà ń le sí i. Nígbà tó gbọ́ "ilé ló jókòó sí," ó pòṣé.

"Ta ló jókòó sílé? Ọkùnrin tí òjò á pa lórí ìdúró nítorí kó lè ka èènì? Ọmọ mi, gbé òṣùwọ̀n ẹ síbí."

Ó wọn kọ́ńgò kan tó ṣu, wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n. Ó fọwọ́ gbá òkìtì kúrò, wọ́n tún gbé e lé e. Jemima ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Àlhájà wá ki ọwọ́ bọ gààrí láti bu èènì. Ó bù ú, ó wò ó, ó dà á padà.

"Rárá. Ọwọ́ yìí ti gbẹ. Kì í ṣe ọwọ́ ìgbà yẹn nìyí, àwa ò sì ní purọ́ fún òṣùwọ̀n. Muslimat, ọwọ́ ẹ tóbi, ìwọ lo sì mọ bí tèmi ṣe máa ń kún. Wá bù ú."

Muslimat ká apá aṣọ sókè, ó bu gààrí, ó mì í díẹ̀, ó bu sí i. "Báyìí ni, Dókítà. Báyìí gan-an ni wọ́n máa ń bù ú fún mi, mẹ́ta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nígbà tí mo wà nínú oyún Hikmat."

Àlhájà wò ó. Muslimat ju gààrí sínú ike, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ti bọ́, ẹyin lohùn, kò ṣeé kó mọ́.

Ẹni tó bá fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ ọjọ́ àti iye sílẹ̀, ẹ má retí pé kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fò ó dá. Ogójì ọdún ni Hikmat àkọ́bí wọn pé lọ́dún yìí. Yésúfù ṣí ìwé ọdún tí òjò dá náà, tó mú dání wá, lórí itan rẹ̀. Ó fi ìka tọ ojú ewé náà sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, oṣù oyún ọmọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdo, òdo, òdo. Ìkúnwọ́ mẹ́ta ti jáde láti inú àtẹ kan náà ní Ọjọ́bọ̀ kan náà tó kọ òdo, ẹnu ìyàwó òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ti jáde, níwájú ẹni tó wá wádìí bóyá òpùrọ́ ni òun. Ọwọ́ Jemima náà ti dúró lórí kọ̀ǹpútà. Òtítọ́ tó ní yóò bá irọ́ lánàá ti bá òun fúnra rẹ̀ báyìí.

"Muslimat," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tí otútù mú lọ. "Òdo ni mo kọ."

"Òdo náà ni!" Àlhájà ló dá a lóhùn. "Kí ló dé tí ojú ẹ fi funfun bẹ́ẹ̀? Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹ, nítorí mi ò fẹ́ gbé e lọ sáàlùjánà. Lọ́dún yẹn, ẹnikẹ́ni ò gba èènì ní Ọjà'ba, kì í ṣe lọ́wọ́ mi, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohun tó o rí lo kọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó ẹ ń bọ̀ wá ra gààrí nírọ̀lẹ́, oyún níkùn, ọrùn rẹ̀ ti rí tín-ín-rín, owó oṣù ẹ kò sì tó nǹkan. Kí ni kí n ṣe? Kí n máa wò ó? Mo ń ṣu kọ́ńgò fún un, mo ń bu mẹ́ta lé e, mo sì ní tó bá sọ fún ọ, mi ò ní tà fún un mọ́."

"Nítorí kí ni, Ìyá?"

"Nítorí pé mo mọ̀ ọ́! Tó o bá gbọ́, wàá kọ ọ́. Orí ẹ le. Tó o bá sì ti kọ igi mẹ́ta síbẹ̀, ìwé ẹ á wá sọ pé ọjà dẹ̀, nígbà tí ebi ń pa gbogbo ìlú. Ohun tí mò ń fún Muslimat kì í ṣe ọjà. Sàráà ni. Ta ló ń kọ sàráà sínú ìwé ìjọba?"

Yésúfù rántí ọdún náà bí àná. Ó rántí pé gààrí kì í tán nílé àwọn kí Ọjọ́bọ̀ mìíràn tó pé, nígbà tí àwọn aládùúgbò ń fi omi gbígbóná sùn. Ó máa ń yin Muslimat fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà náà pé ìyàwó òun mọ oúnjẹ ṣọ́. Ọwọ́ Muslimat nìkan ló ń yìn, láìmọ̀ pé ti Àtọ́kẹ́ wà níbẹ̀. Omijé bọ́ lójú bàbá arúgbó náà, kò sì nù ún.

Jemima ló kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. "Ìyá, ṣé kí n kọ ìyẹn náà?"

"O ò gbọ́ mi ni? Mo ní kì í ṣe ọjà. Bu ìkúnwọ́ yẹn padà, Muslimat, kí ọmọ yìí ráyè ṣiṣẹ́ rẹ̀."

Muslimat bù ú, ó bu mẹ́ta, ojú ti í, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Jemima wọ̀n wọ́n, ó pa wọ́n pọ̀, ó tẹ kọ̀ǹpútà títí. Ẹni tó ń fi náírà kan àbọ̀ ra kọ́ńgò tó ṣu tòun tèènì rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá pé, ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin ti yọ kúrò nínú ohun tó ń gbé délé. Jemima yí kọ̀ǹpútà sí wọn. Ìlà Ọjà'ba tó ti sùn gbalaja ti dìde nílẹ̀, ó ti bá àwọn yòókù gòkè, ó kan tiwọn lórí ní náírà méjì àti kọ́bọ̀ díẹ̀.

"Bàbá, mi ò ní yọ ọ́," ni Jemima wí. Ó kúnlẹ̀ bó ti ń sọ ọ́. "Àwọn tó kù kọ owó nìkan. Ẹ̀yin nìkan lẹ kọ ọjà. Mo máa lọ wo gbogbo ìwé yẹn látòkèdélẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbà fún mi, mo sì máa ya ààyè kan sọ́tọ̀ nínú iṣẹ́ mi, èènì ni orúkọ tí mo máa fún un. Orúkọ yín àti ti Ìyá ló máa wà níwájú rẹ̀."

"Kọ ọ́ dáadáa," ni Àlhájà wí. "Àtọ́kẹ́. Kí wọ́n má ṣì í kọ."

Yésúfù dìde. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó kọ́kọ́ wú ikọ́. "Ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ìyá, ẹ bọ́ mi, ẹ bọ́ ọmọ mi, ẹ sì tún ṣọ́ ìwé mi fún mi. Ogójì ọdún! Mi ò mọ̀, mi ò dúpẹ́. Ẹ ṣeun. Ọlọ́run Allah á ṣàánú yín bí ẹ ti ṣàánú wa." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà náà, pẹ̀lú orúnkún tó ti ń dùn ún.

"Dìde, jàre, kó o má di ẹrù sí mi lọ́rùn," ni Àlhájà wí, ṣùgbọ́n òun náà ti ń fi etí ìborùn nu ojú. "Ṣé ẹ ò ní ra gààrí ni? Ẹ ti fọwọ́ rú gbogbo rẹ̀ tán."

Muslimat fa ọ̀rá jáde nínú báàgì rẹ̀, ó nà án sí ọkọ rẹ̀. Yésúfù gbà á, ó la ẹnu ọ̀rá náà síwájú Àlhájà. Ìyá náà wọn kọ́ńgò kan tó ṣu bí òkè Mápó, ó dà á sínú ọ̀rá. Ó bu èènì pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó ti gbẹ, ení, èjì, ẹ̀ta, ó tún bu ẹ̀rin lé e. Bàbá Èló-ni ki ọwọ́ bọ àpò, ó kó gbogbo owó tó wà níbẹ̀ jáde, ó fi lé e lọ́wọ́, ó sì di ẹnu ọ̀rá rẹ̀. Kò béèrè èló ni.